Ọjọ́ Tí Mo Kọ Sínú Káàdì Ìyá Rẹ

Ilé wa, Òmù-Àrán,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Fọláṣadé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì fúnra mi, mo kà á sí etí ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo jókòó tì í, n kò sì ṣe nǹkan kan. O mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi. Bí ìwé bá dé ọwọ́ mi láàárọ̀, ìdáhùn rẹ̀ a ti jáde kí oòrùn tó wọ̀. Èyí dá mi dúró nítorí pé ohun tó yẹ kí n fi dá ọ lóhùn, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé e pamọ́.

Ìbéèrè méjì ni o bi mí. O ní dókítà yín ní Kàdúná wọn ikùn rẹ, ó ní ó kéré sí iye oṣù tó wà nínú káàdì, pé ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló fà á: yálà ọmọ náà kò dàgbà bó ṣe yẹ, tàbí a ṣi oṣù kà. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ó fẹ́ fa ìrọbí láìpẹ́ kí ọmọ lè jáde síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti èkejì, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbó. O ní àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà kò lè là á yé wọn, torí oyún ti dàgbà jù kí wọ́n tó yà á. O wá kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń tètè pinnu. Ṣé kí wọ́n fà á ni, àbí kí a dúró?" Ìyẹn ni ìkíní. Ìkejì ni pé dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà kéré nígbà tí a bí ọ. O bi ìyá rẹ, ó ní kí o bi mí.

Ó ní kí o bi mí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè méjèèjì yìí ló jẹ́ kí n gbé lẹ́tà náà kalẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan ni, èyí tí o kọ bí ẹni ń ṣàwàdà: pé nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ tí o rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn, o kò rántí, ni Dáyọ̀ bá ní kí wọ́n kọ ọjọ́ kìíní oṣù síbẹ̀, kó lè rọrùn láti kà.

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe bí ọ.

Lẹ́yìn òmìnira, tí wọ́n tún wá dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, tí Ìlọrin di olú ìlú, iṣẹ́ ọba pọ̀ ju àwọn tó lè ṣe é lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìmójútó òwò dé láti Ìbàdàn ni, wọ́n sì fi mí sí ọ́fíìsì tó ń pèsè tábìlì àti ìwé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ wa kan ti kọ́ wa pé ìwé tí àlàfo bá wà nínú rẹ̀, kí a dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di Bíbélì mú. Àwọn akọ̀wé tó wà lábẹ́ mi ń pè mí ní Ọ̀gá Kíákíá, inú mi a sì máa dùn.

Ìyá rẹ ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ níhìn-ín, ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ kò sì tíì padà rí nǹkan oṣù rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí i, tó fi lóyún rẹ. Nítorí náà kò sí ọjọ́ kankan tí ẹnikẹ́ni lè dárúkọ. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Kò sí ohun tó fẹ́ rántí ni.

Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó fẹ́ gba káàdì, torí mo fẹ́ kó tètè parí kí n lè bá ọkọ̀ padà sí Ìlọrin. Àgbà agbẹ̀bí kan ló ń kọ káàdì, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọjọ́, ìyá rẹ la ẹnu, ó ní, "Màmá, mi ò..." Mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú ló ń tì mí. Tíṣà ìṣirò àti ọ̀gá ọ́fíìsì, kí a jókòó síwájú nọ́ọ̀sì kí a ní a kò mọ̀! Màmá Nọ́ọ̀sì tilẹ̀ la ọ̀nà fún wa. Wọ́n ní àwọn lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ̀, kí àwọn máa fi ọwọ́ wo ikùn bó ṣe ń dàgbà. Mo ní rárá. Mo fa ìwé àkọsílẹ̀ mi yọ nínú àpò. Ìgbà méjì péré ni mo wálé nínú òjò ọdún náà: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nígbà tí mo wá pààrọ̀ páànù òrùlé tó ń jò, àti ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí bàbá mi ní kí n wá gbé iṣu tuntun. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni. N kò mọ èwo. Mo mú ti oṣù keje, mo fi ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, mo sì pè é fún wọn, ketekete, bí ẹni ka nọ́ńbà ilé.

Kí ló dé tí mo fi mú ti oṣù keje? Ibi tí ìtìjú mi wà nìyẹn. Nígbà ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, a fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn tuntun, èmi sì ni alága ètò. Gbogbo ará ilé wa tó wà ní Èkó, ní Jọs, ní Kàdúná ni yóò wálé. Bí oyún bá jẹ́ ti oṣù keje, ọmọ yóò dé díẹ̀ ṣáájú ọdún, a ó sì sọ ọ́ lórúkọ ní Mọ́ńdè Àjíǹde kí àwọn ará ilé tó tú ká. Ìrìnàjò kan, ayẹyẹ méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi pè wọ́n. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní a kì í dá ọjọ́ ìkómọ fún ọmọ tí a kò tíì rí. Mo ní ayé ti yí padà.

Ọjọ́ inú káàdì pé, ó tún fi díẹ̀ kọjá, kò sí ohun tó jọ ìrọbí. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Mọ́ńdè Àjíǹde pé. Mo gbé ìyá rẹ lọ bá dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, mo ní ọmọ ti pẹ́ jù nínú, kí wọ́n fa ìrọbí. Ó wo káàdì, ó rí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ketekete. Kí ló tún fẹ́ kọ̀ fún? Ìwé ló gbà gbọ́, ìwé mi sì ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò gbà. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì wo ikùn náà pẹ́, wọ́n ní, "Ikùn yìí kò bá káàdì yìí mu. Ta ló fún wa ní ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ó wà nínú ìwé mi."

"Mi ò bi ìwé yín. Ìyàwó ni mò ń bi."

Ìyá rẹ wò mí. Àbẹ̀kẹ́, mo ṣì ń rí ojú yẹn. Mo dáhùn kó tó lè dáhùn, mo ní, "Tíṣà náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ilẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá, ṣé torí àlejò ń bọ̀ lẹ fẹ́ wu iṣu tí kò tíì gbó?"

Mo ní, "Iṣu kò ní káàdì, mà." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo borí.

Wọ́n so omi tó ń fa ìrọbí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jẹ̀rora púpọ̀, torí ara rẹ̀ kò tíì ṣetán. Nígbà tí o jáde, igbe rẹ kò ju ti ọmọ ológbò lọ, o sì ń mí bí ẹni sáré gun òkè. Kò sí àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí níhìn-ín nígbà náà. Òwú ni Màmá Nọ́ọ̀sì fi wé ọ láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n to ìgò omi gbígbóná yí ọ ká, wọ́n sì gbé ọ lé ìyá rẹ láyà nínú ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí Ìlọrin. Wọn kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, wọ́n sì rọra sọ ọ́: "Oṣù kan àbọ̀ ló kù fún un."

Mo fi yín sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọjọ́ Ẹtì, mo padà wálé. Èmi ni alága. Ilé ìjọsìn ṣí. Mọ́ńdè dé, àwọn àlejò pé, n kò sì lè sọ pé kí wọ́n máa lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Olórí ẹbí wa gbé ìgò oyin lọ́wọ́, wọ́n wò yíká, wọ́n ní, "Ọmọ dà?" Mo ní ó wà ní Ìlọrin. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ ńkọ́?" Mo ní òun náà wà ní Ìlọrin. Wọ́n gbé oyin náà sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹnu tí àwọn ó fi í sí. Orúkọ ni a sọ lọ́jọ́ náà, oyin kò kan ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ ilé, ìyá rẹ ló fi ìka ara rẹ̀ tọ́ oyin sí ọ lẹ́nu nínú ọgbà ilé ìwòsàn, òun nìkan, ó sì pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Ó pẹ́ kí o tó rìn, nígbà tí o sì rìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ ń wọ́. A sọ fún ọ pé ibà ló ṣe é. Dókítà Ìlọrin sọ fún mi pé ó lè jẹ́ torí o tètè jáde, ó tún ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé náà lè ní irú rẹ̀, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà wá.

Mo fẹ́ kí ìwà burúkú mi mọ síbẹ̀. Kò mọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde láti ilé ìwòsàn pé oṣù ọmọ kò pé, àwọn ará ilé sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣi oṣù kà. Ní ọjọ́ kan tí a péjọ sí àgbàlá wa, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Agbamu, ní, "Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò lè ṣírò oyún ara rẹ̀." Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Mo bu oúnjẹ sẹ́nu. Ó sì padà sí ìrẹsì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn di òní, kò tún wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. O sì mọ̀ pé nínú ilé wa, ẹni tó bá ṣi nǹkan kà, a máa ń sọ fún un pé ó ti ka oyún Tíṣà. Ìwọ náà ti sọ ọ́ rí níwájú rẹ̀, nígbà tí Káyọ̀dé ṣi àga kà níbi ìgbéyàwó rẹ. Ó bá yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti bá mi. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí kọ́, kí o má baà fi ọmọ tìrẹ kọ́ ọ.

Èkíní, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, lọ ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Ní kí wọ́n mú káàdì rẹ wá, kí o sì sọ fún dókítà pé ọkọ rẹ ló pe ọjọ́ kìíní oṣù torí ó rọrùn, pé o kò mọ ọjọ́ gan-an. Ojú yóò tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́. Dókítà kò lè gbọ́n kọjá ohun tí ẹ bá fún un. Bí ẹ bá fún un ní irọ́, ọgbọ́n rẹ̀ gan-an ni yóò gbé irọ́ náà rìn jìnnà.

Lẹ́yìn náà kí o sọ ohun tí o mọ̀: ìgbà tí èébì bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí o kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ mira, ìgbà tí Dáyọ̀ rin ìrìnàjò àti ìgbà tó dé. Kọ wọ́n sínú ìwé lónìí, kí o má lọ máa rántí níwájú wọn. Èyí tó dá ọ lójú, sọ pé ó dá ọ lójú. Èyí tí o rò, sọ pé o rò ó ni. Èyí tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra wọn láéláé.

Èkejì, ẹnu rẹ ni kí o máa fi dáhùn. Mo fẹ́ràn Dáyọ̀. Ó já fáfá, kì í fi nǹkan falẹ̀, ó jọ mí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan nípa ara rẹ tó sì fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ, fọwọ́ kàn án lórúnkún, kó dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá rẹ dákẹ́ torí mo ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta kúrú, torí n kì í ṣe dókítà. Bi wọ́n pé: bí a bá fà á, tó wá jẹ́ pé oṣù ni a ṣì kà, kí ni yóò bá ọmọ? Bí a bá dúró, tó wá jẹ́ pé kò dàgbà ni, kí ni yóò bá a? Ṣé ohun kan wà tí a lè wò láàárín ọjọ́ mélòó kan, bóyá kí wọ́n tún ikùn wọ̀n, tí yóò fi ọ̀kan hàn ju èkejì lọ? Àti pé kí ni a bá rí tí a kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́? Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Màmá Nọ́ọ̀sì béèrè, èmi ni mo fi àwàdà pa ìbéèrè wọn.

Má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. N kò sọ pé dídúró ló dára. Ìrọbí tí wọ́n fà ti gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là, àwọn tí ìdúró pa náà kò kéré. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, bí omi bá dà, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú rẹ ń ṣú, bí ara rẹ bá gbóná, tàbí bí o kò bá mọ ìmira ọmọ lára bí tàtẹ̀yìnwá mọ́, má kọ̀wé sílé, má bi ẹnikẹ́ni, má dúró de Dáyọ̀ kó dé láti ibi iṣẹ́. Dìde, wọ ọkọ̀, lọ.

Káyọ̀dé ti ń bi mí ní ọjọ́ ìkómọ, kó lè gba àyè níbi iṣẹ́. Mo ní kó lọ jókòó.

Ohun tó kù, n kò mọ nọ́ńbà tí n óò fún un. Bí ẹ bá ti sọ gbogbo òtítọ́, tí ẹ béèrè, tí ẹ sì pinnu, tí kò wá rí bí ẹ ṣe rò, ẹ má wá ẹni tí ẹ ó di ẹrù náà rù. Ẹni tó yan ọ̀nà kan nínú òkùnkùn kò dẹ́ṣẹ̀. Èmi tí mo ní ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí kò tíì mọ́, tí mo tún wá ní ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo dẹ́ṣẹ̀. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, mo lè dúró. Mo ti ń kọ́ ọ.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí pé n óò kọ gbogbo rẹ̀, kò sọkún, kò sì dì mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ẹ ó kọ ti ìrẹsì náà?" Mo ní n óò kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa." Ó wá lọ di ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá bá ọ, yóò sì dúró tì ọ́ títí ọmọ yóò fi dé, nígbàkígbà tó bá wù ú láti dé. Mo ní kí n bá a wá sí Kàdúná. Ó ní rárá, kí n kọ́kọ́ lọ sí Agbamu. Lọ́la ni mò ń lọ. Ìyá Agbamu ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì gbọ́ ketekete, n óò sì ní kí wọ́n pe gbogbo agbo tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àwọn tó kù nínú wọn.

Mo ti dáhùn ìbéèrè kejì: bẹ́ẹ̀ ni, o kéré, èmi ni mo sì fà á. Ti àkọ́kọ́ ló kù, bóyá kí wọ́n fà á tàbí kí ẹ dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé, n kò kọ ìdáhùn yìí fún ẹnikẹ́ni rí.

N kò mọ̀.

Bàbá rẹ ni.